Ìgbà Wo Ni Ìyá Ọmọ Lè Padà Sáré?

Obìnrin tó máa ń sáré ìdárayá kó tó lóyún, tó bá béèrè ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó pé ìgbà wo ni òun lè padà sí eré òun lẹ́yìn ìbímọ, ìdáhùn mẹ́ta ló sábà máa ń gbọ́. Ìyá ọkọ tàbí ìyá tó wá ń wẹ ọmọ á ní kó jẹ́ kí ogójì ọjọ́ pé ná. Nọ́ọ̀sì á ní kó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tí wọ́n jọ ń sáré láàárọ̀ Sátidé lójú pópó Ọba Adéṣídà ní Àkúrẹ́ á ní ìgbàkígbà tí ara rẹ̀ bá ti yá ni. Ọgbọ́n wà nínú ìmọ̀ràn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó bi obìnrin náà léèrè ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ bi í: tó bá wúkọ́, tó bá sín, tó bá rẹ́rìn-ín títí, tó bá fo gọ́tà, ṣé ìtọ̀ kì í já lára rẹ̀? Ṣé kì í ṣe é bíi pé nǹkan wúwo kan fẹ́ já bọ́ láti ojú ara rẹ̀? Ohun tí orí yìí fẹ́ fi hàn ni pé ìdáhùn sí irú ìbéèrè wọ̀nyí ló yẹ kó pinnu ọjọ́ tí ìyá ọmọ yóò padà sáré, ju kàlẹ́ńdà lọ. Ó sì fẹ́ fi hàn pé ìtọ̀ tó ń já lẹ́yìn ìbímọ jẹ́ àìlera tó ní ìtọ́jú. Kò sí abiyamọ tó gbọ́dọ̀ gbà á bí ìpín rẹ̀.

Iṣan kan wà nísàlẹ̀ ìbàdí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í ronú kàn títí yóò fi ṣàárẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara egungun iwájú ìbàdí, ó sì nà lọ sẹ́yìn dé egungun tó parí ọ̀pá ẹ̀yìn. Òun ló gbé àpò ìtọ̀, ilé ọmọ àti ìfun tí ìgbẹ́ ń gbà dúró. Ọ̀nà mẹ́ta ló la àárín rẹ̀ kọjá: ti ìtọ̀, ojú ara, àti ihò ìdí. Ẹ fi ọkàn ro ọ̀já tí a fi pọn ọmọ. Bí a bá so ọ̀já náà dáadáa, ìyá lè bẹ̀rẹ̀, ó lè gbálẹ̀, ó lè yára rìn, ọmọ ò ní mì. Bí ó bá dẹ̀, ọmọ á máa yọ̀ sísàlẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ìyá bá gbẹ́sẹ̀. Iṣẹ́ tí iṣan yìí ń ṣe fún ohun tó wà nínú ikùn nìyẹn. Ìyàtọ̀ kan ló wà: iṣan mọ bí a ti ń múra sílẹ̀. Nínú ara tó le, kí ẹsẹ̀ tó kanlẹ̀, kí ikọ́ tó jáde, iṣan náà á ti fún ara rẹ̀ pọ̀, á sì ti pa ẹnu ọ̀nà ìtọ̀ dé.

Oyún nìkan ti tó láti dẹ iṣan yìí, nítorí orí rẹ̀ ni ìwúwo ọmọ, omi àti ibi-ọmọ ń sinmi lé fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ìgbà tí ọmọ bá wá ń gba ojú ara jáde ni ìdánwò ńlá dé. Ní 2004, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan ní Amẹ́ríkà fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò bí iṣan náà ṣe ń nà nígbà tí orí ọmọ bá ń kọjá, wọ́n sì rí i pé apá tó sún mọ́ àárín jù lọ ń nà ju ìlọ́po mẹ́ta gígùn rẹ̀ lọ. Ti àwọn obìnrin kan máa ń ya kúrò lára egungun, pàápàá tí wọ́n bá fi irin fa ọmọ. Àwọn onímọ̀ ní Norway, tí wọ́n fi ẹ̀rọ àwòrán inú ara tẹ̀lé àwọn ìyá láti ìgbà oyún títí di ọdún kan lẹ́yìn ìbímọ, tẹ iṣẹ́ wọn jáde ní 2015. Wọ́n rí i pé iṣan náà ń padà bọ̀ sípò, pé oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́ sì ni ìpadàbọ̀ náà pọ̀ jù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí a fi ń dá ìyá sílẹ̀, ìbẹ̀rẹ̀ ìwòsàn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí eré sísá ń béèrè. Nígbà tí ènìyàn bá ń rìn, ẹsẹ̀ kan ó kéré tán wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó bá ń sáré, ẹsẹ̀ méjèèjì á kúrò nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo á sì wá gba gbogbo ara padà. Agbára ìkanlẹ̀ yìí sábà máa ń tó ìlọ́po 1.5 sí 2.5 ìwúwo ara. Fún obìnrin tó wọn kílò 70, ìyẹn dà bíi kílò 105 sí 175 ní ìṣísẹ̀ kan. Ẹni tó ń sáré wọ́ọ́rọ́wọ́ máa ń gbé ẹsẹ̀ tó nǹkan bí ìgbà 160 láàárín ìṣẹ́jú kan, nítorí náà ìṣẹ́jú 30 á mú un kanlẹ̀ tó ìgbà 4,800. Ìdí nìyí tí obìnrin kan fi lè wúkọ́ láìsí wàhálà, kí ìtọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í já lẹ́yìn tó ti sáré fún ìṣẹ́jú 15. Iṣan rẹ̀ ní agbára fún ẹ̀ẹ̀kan. Kò tíì ní ìfaradà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Ìfaradà yìí ni ọjọ́ tó ń lọ kì í fúnni lọ́fẹ̀ẹ́. A ní láti kọ́ ọ sínú iṣan ni.

Ẹni tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ rẹ̀ jáde lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan òun, nítorí ọmọ òun kò gba ojú ara. Ìwádìí ńlá kan láti Norway, tó jáde ní 2003, dá a lóhùn. Obìnrin tó lé ní 15,000 ni wọ́n bi léèrè. Nínú àwọn tí kò bímọ rí, nǹkan bí 10 nínú 100 ni ìtọ̀ ń já lára wọn. Nínú àwọn tó fi iṣẹ́ abẹ nìkan bímọ, nǹkan bí 16. Nínú àwọn tó bí i ní wẹ́rẹ́, 21. Iṣẹ́ abẹ dín ewu náà kù, kò mú un kúrò, nítorí oyún fúnra rẹ̀ ní ipa tirẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ojú ọgbẹ́ ikùn náà ní láti san. Awọ líle tó bo iṣan ikùn, tí dókítà là tó sì rán padà, kò tíì ní ju ìdajì àti díẹ̀ lọ nínú agbára rẹ̀ àtijọ́ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, bí awọ òde tilẹ̀ ti jinná tó ń dán. Nítorí náà, ẹni tó ṣe iṣẹ́ abẹ pẹ̀lú ní iṣan tó yẹ kó tún kọ́.

Àtakò kan tún wà tó yẹ ká fi ọ̀wọ̀ dá lóhùn. Àwọn àgbà á ní àwọn ìyá wa bímọ méje, mẹ́jọ, wọ́n pọn ọmọ lọ sí oko kòkó, wọ́n ru igi, wọ́n ru omi, kò sí ẹni tó kọ́ wọn ní ìdárayá kankan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ìrìn àti ẹrù rírù, bó ti wù kó nira tó, kò ní ìkanlẹ̀ tí eré sísá ní. Láti kékeré ni ara àwọn ìyá wọ̀nyẹn sì ti ń gba iṣẹ́, tí itan àti ìbàdí wọn ti le, nígbà tí obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì ní Alágbàkà ní Àkúrẹ́ lè jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé àìsọ kì í ṣe àìsí. Kí ọ̀sibítù tó dé ni Yorùbá ti mọ ilé ọmọ tó ń yọ àti ìdí tó ń yọ, tí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ sì ń wá ewé àti egbò sí i. Ìtìjú ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà wà lábẹ́ aṣọ. Bí a bá sì wò ó dáadáa, àṣà wa gan-an gbè wá lẹ́sẹ̀: ogójì ọjọ́ tí ìyá ọmọ fi ń sinmi, tí ẹlòmíràn ń wẹ ọmọ tó ń se oúnjẹ, jẹ́ ẹ̀rí pé àwọn àgbà mọ̀ pé ara tó bímọ kò gbọdọ̀ sáré lọ síbi iṣẹ́. Àwọn nǹkan díẹ̀ ló yẹ ká ṣọ́ra fún. Jíjókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lè mú ìrora rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè mú iṣan le, omi tó bá gbóná jù sì ń bó awọ. Gbígbá ikùn lè tu ẹ̀yìn lára, ṣùgbọ́n ìgbájá tí a bá so pa lè máa ti ohun tó wà nínú ikùn sísàlẹ̀, síbi tí iṣan ti ṣàárẹ̀.

Kí ló wá ń mú iṣan náà le? Ní 1948, Arnold Kegel, dókítà àwọn obìnrin ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa bí obìnrin ṣe lè máa fún iṣan yìí pọ̀ kó sì máa tú u sílẹ̀, lójoojúmọ́, títí agbára rẹ̀ yóò fi padà. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń dán an wò. Ní 2018, àjọ Cochrane kó ìwádìí 31 jọ, tí obìnrin 1,817 láti orílẹ̀-èdè 14 kópa nínú wọn. Lára àwọn tí ìtọ̀ ń já nígbà tí wọ́n bá wúkọ́ tàbí tí wọ́n bá fò, 56 nínú 100 àwọn tó ṣe ìdárayá náà ló sọ pé àwọn ti bọ́ nínú rẹ̀. Nínú àwọn tí kò ṣe é, 6 péré nínú 100 ni. Gbogbo àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kọ́ ni ìyá ìkókó. Ní ti aboyún àti ìyá ọmọ, àkójọ mìíràn tí Cochrane ṣe ní 2020 fi hàn pé ẹ̀rí tó dájú jù ni ti àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìdárayá náà nínú oyún, kí ìtọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já rárá. Àkójọ kan náà sọ pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn obìnrin ni ìtọ̀ ń já lára wọn lẹ́yìn ìbímọ. Ohun tó wọ́pọ̀ tó báyìí, tí ìtọ́jú rẹ̀ kò sì gba oògùn tàbí ọ̀bẹ, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni máa dá nìkan fara dà á.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ dùbúlẹ̀, kí ẹ ká orúnkún sókè, tàbí kí ẹ jókòó sórí àga tó le. Ẹ fún ihò ìdí pọ̀ bí ẹni tó fẹ́ di ìsó mú láàárín èrò, kí ẹ wá fa ìfúnpọ̀ náà síwájú bí ẹni tó fẹ́ dá ìtọ̀ dúró. Ẹ ó mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan gbéra sókè nínú yín. Ẹ máa mí lọ. Ẹ má dá èémí dúró. Itan kò gbọdọ̀ fún mọ́ra, ìdí kò gbọdọ̀ gbéra lórí àga. Ẹ dì í mú títí ẹ ó fi ka ení dé àrún, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ pátápátá kí ẹ tó tún òmíràn ṣe, nítorí ìtúsílẹ̀ náà jẹ́ ara iṣẹ́. Ìlànà ètò ìlera ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pé kí ó tó ìgbà mẹ́jọ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tó bá ní òun kò ráyè, ọmọ ń mu ọyàn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ lójúmọ́. Ìjókòó ìfọ́mọlọ́yàn ti tó. Kí ẹ má ṣe sọ dídá ìtọ̀ dúró lágbedeméjì di ìdárayá nílé ìtọ̀, nítorí kì í jẹ́ kí àpò ìtọ̀ gbẹ tán.

Àwọn kan á ní àwọn ti ṣe é, kò sì ṣiṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni kò tọ́. Ní 1991, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà fi ẹnu lásán ṣàlàyé ìdárayá yìí fún àwọn obìnrin 47, wọ́n sì fi ẹ̀rọ wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Ìdajì wọn péré ló ṣe é bó ti yẹ. Ìdá kan nínú mẹ́rin ń ti nǹkan sísàlẹ̀ dípò kí wọ́n gbé e sókè, èyí tó lè mú kí ìtọ̀ túbọ̀ máa já. Àwọn mìíràn sì wà tí iṣan tiwọn kò dẹ̀ rárá: ó le koránkorán, kì í tú sílẹ̀, ó ń dun wọ́n nígbà tí ọkọ bá bá wọn sùn. Irú wọn nílò kí wọ́n kọ́ ìtúsílẹ̀ ṣáájú ìfúnpọ̀. Nítorí náà ni àyẹ̀wò físíò ṣe ṣe pàtàkì, ìyẹn àwọn onímọ̀ tó ń fi ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti egungun. Ẹni tó bá fi oṣù mẹ́ta ṣe é láìrí ìyàtọ̀, físíò ló yẹ kó kàn, kó má ṣe rò pé tòun ti kọjá àtúnṣe.

Ní 2019, físíò mẹ́ta ní UK, Tom Goom, Gráinne Donnelly àti Emma Brockwell, tẹ ìlànà kan jáde lórí bí ìyá ọmọ ṣe lè padà sáré. Wọ́n dámọ̀ràn pé kí oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìrìn àti ìdárayá wọ́ọ́rọ́wọ́, kí eré sì bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù kẹta sí ìkẹfà ní ìyára jù lọ. Ìmọ̀ àti ìrírí àwọn onímọ̀ ló pọ̀ jù nínú ìlànà yìí, nítorí ìwádìí tó dojú kọ ọ̀rọ̀ náà gan-an kéré nígbà náà. Ṣùgbọ́n ohun tó níye lórí jù nínú rẹ̀ ni pé kò dúró sórí oṣù nìkan. Ó ní kí ìyá dán ara rẹ̀ wò: kó rìn fún ìṣẹ́jú 30, kó dúró lórí ẹsẹ̀ kan fún ìṣẹ́jú àáyá 10, kó fi ẹsẹ̀ kan bẹ̀rẹ̀ kó sì dìde nígbà 10, kó sáré lójú kan fún ìṣẹ́jú kan, kó fi ẹsẹ̀ kan fò lójú kan nígbà 10, kó sì tún fi ẹsẹ̀ kejì ṣe é. Bí ó bá ṣe gbogbo rẹ̀ láìsí ìrora, láìsí ìtọ̀ tó já, láìsí ìwúwo lójú ara, ọ̀nà ti là. Bí ọ̀kan bá kọ̀, ó ti mọ ibi tí iṣẹ́ kù sí, kò sì tíì pàdánù ohunkóhun.

Ẹni tó yege á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kó sáré fún ìṣẹ́jú kan, kó rìn fún méjì, kó tún un ṣe nígbà mélòó kan, kó sì fo ọjọ́ kan kó tó tún jáde. Ilẹ̀ títẹ́jú ní pápá ìṣeré sàn fún ìbẹ̀rẹ̀ ju àwọn òkè àti gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó pọ̀ ní Àkúrẹ́, nítorí ìkanlẹ̀ máa ń le sí i nígbà tí ènìyàn bá ń sáré sọ̀ kalẹ̀. Kó fún ọmọ lọ́yàn kó tó jáde, kí àyà má baà wúwo. Eré ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kì í ba wàrà jẹ́. Kó ṣọ́ ara rẹ̀ títí di ọjọ́ kejì. Bí ìtọ̀ bá já, bí ojú ara bá wúwo, bí ẹ̀jẹ̀ bá tún yọ, kó padà sí ìwọ̀n tó ti ń ṣe láìsí wàhálà tẹ́lẹ̀. Paadi lè gba ìtọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi paadi bo àmì yìí mọ́lẹ̀ tó ń sáré lọ ti pa ohun tí ara rẹ̀ ń wí fún un lẹ́nu mọ́.

A máa ń fi àwọn gbajúmọ̀ eléré ìje ṣe àríyànjiyàn. Paula Radcliffe ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bímọ ní January 2007, ó sì gba ipò kìíní nínú eré Marathon New York ní November ọdún kan náà. Ohun tí a kì í sábà fi kún un ni pé láàárín oṣù wọ̀nyẹn, egungun ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ sán, ó sì ní láti dúró. Faith Kipyegon ti Kẹ́ńyà bímọ ní June 2018; ó tó nǹkan bí ọdún kan kó tó padà sójú ìje, ó gba fàdákà ní Doha ní 2019, ó sì gba wúrà Òlíńpíìkì lẹ́yìn náà ní Tokyo àti ní Paris. Shelly-Ann Fraser-Pryce ti Jàmáíkà bímọ ní August 2017, ó sì gba wúrà àgbáyé ní ọdún 2019. Ohun tí ìtàn wọn ń kọ́ wa ni pé ìbímọ kì í fòpin sí eré, pé ẹni tó sì fún ara láyè kì í pàdánù.

Ẹlòmíràn á béèrè pé kí ló dé tí ìyá ọmọ kò fi eré sílẹ̀, kó máa rìn. Ìrìn dára, ẹni tó bá tẹ́ lọ́rùn kó máa rìn. Ṣùgbọ́n ohun tó yẹ ni kí ó jẹ́ pé òun ló yàn án, kó má jẹ́ pé ẹ̀rù ìtọ̀ ló yàn án fún un. Eré ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ ṣúgà kù, ó ń mú oorun dára, ó sì ń ran ọkàn ìyá lọ́wọ́ lákòókò tí ìrẹ̀wẹ̀sì lè bá a. Ìlànà tí Kánádà gbé jáde ní 2025 ní kí ìyá tó wà nínú ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ máa fi ìṣẹ́jú 120 ṣe ìdárayá lọ́sẹ̀, kó sì máa fún iṣan ìsàlẹ̀ ìbàdí pọ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó pa ìdárayá tì nítorí ìtọ̀ ń pàdánù lẹ́ẹ̀mejì: àìlera náà ṣì wà, àǹfààní ìdárayá sì ti lọ.

Àwọn kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn kọjá ìdárayá. Obìnrin tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń dà lára rẹ̀ tọ̀sán tòru láìdáwọ́ dúró, pàápàá lẹ́yìn ìrọbí tó pẹ́, lè ní ihò láàárín àpò ìtọ̀ tàbí ìfun àti ojú ara. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń dí i, kó sì tètè lọ sí ọ̀sibítù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀, tí ibà ń bá a jà, tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wú tó ń dùn ún.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ti fi hàn pé òun lè ṣe ohun tó le fún abiyamọ. Ètò Abíyè tí ìjọba Olúṣẹ́gun Mímíkò bẹ̀rẹ̀ ní 2009 mú ìtọ́jú sún mọ́ aboyún. Ọ̀sibítù Ìyá àti Ọmọ ṣí ní Àkúrẹ́ ní 2010, èkejì rẹ̀ sì wà ní ìlú Oǹdó. Ètò Agbẹ̀bíyè tó tẹ̀ lé e mú kí àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ máa darí aboyún sí ọ̀sibítù. Ìlú Oǹdó kan náà ni Yunifásítì Ìmọ̀ Ìṣègùn, UNIMED, ti ń kọ́ àwọn físíò. Ẹ̀mí ìyá ni wọ́n kọ́kọ́ gbà là, bó sì ti yẹ nìyẹn. Ohun tó kù ni pé kí ìtọ́jú má ṣe dúró sí ẹnu ọ̀nà yàrá ìbímọ. Àǹfààní rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Láàárọ̀ ìpàdé aboyún, tí àwọn ìyá ti ń kọrin tí wọ́n sì ń gbọ́ ìmọ̀ràn, ìṣẹ́jú márùn-ún tó láti kọ́ wọn ní ìfúnpọ̀ iṣan. Lẹ́yìn ìbímọ, ó yẹ kí gbogbo ìyá gbé ọmọ wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Ní ọ̀sẹ̀ 6, kí nọ́ọ̀sì bi ìyá nípa ìtọ̀, ìgbẹ́ àti ìwúwo ojú ara. Ní ọ̀sẹ̀ 10, kó wo bó ṣe ń ṣe ìdárayá rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 14 ti kọjá oṣù mẹ́ta: ìgbà yẹn ni kí wọ́n dán an wò, kí ẹni tó kù díẹ̀ fún sì rí físíò. Kò ní gba ẹ̀rọ tuntun, kò sì ní mú ìyá wá lọ́jọ́ mìíràn. Títí di ìgbà tí wọn yóò fi máa béèrè, kí ìyá fúnra rẹ̀ sọ ọ́ jáde níwájú nọ́ọ̀sì, láìtijú. Ẹni tí iṣan rẹ̀ bá yege, kó sáré. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá tíì yege, kó gba ìtọ́jú tó tọ́ sí i, kó tó tún bàtà eré wọ̀.